Kí ẹ tó fún olùwádìí ní ewé

Olùwádìí tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn lẹ́kúlẹ́jà ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, tàbí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ní Ìdànrè, máa ń ní díẹ̀ péré lòun fẹ́. Ẹ̀kúnwọ́ èèpo gbígbẹ kan ti tó fún ilé àyẹ̀wò láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ múra sílẹ̀ kó tó dé.

Ẹ ya ìwé méjì sọ́tọ̀. Ìwé kìíní wà fún ohun tí gbogbo ìlú ti mọ̀, bí ewúro, orógbó àti orin àtà. Ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ibi tí ẹ ń lò lára igi, àsìkò tí ẹ ń já a, àìsàn tó wà fún, àti ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló gba Íńdíà là. Wọ́n fún àwọn kan ní páténtì, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba pé àwọn nìkan ló ni ohun tuntun kan, l'Amẹ́ríkà ní 1995 lórí àtalẹ̀ pupa tí wọ́n ń fi sí ojú egbò. Íńdíà kó ìwé àtijọ́ jáde láti fi hàn pé kì í ṣe ohun tuntun, wọ́n sì fagi lé páténtì náà ní 1997.

Ìwé kejì wà fún awo ilé yín: ìwọ̀n, àpòpọ̀, bí ẹ ṣe ń sè é. Ẹ má ṣe gbé e sórí fóònù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fídíò rẹ̀. Ohun tó bá ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa ń ṣòro kí ẹ tó tún rí owó nínú rẹ̀.

Bí orúkọ igi kan kò bá dá yín lójú, ẹ gé ẹ̀ka tó ní ewé àti òdòdó tàbí èso, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ. Bí ẹ ò bá pààrọ̀ rẹ̀, yóò bu. Ilé ìpamọ́ ewéko ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó n'Íbàdàn lè bá yín dá a mọ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti já a fún wọn, ẹ má sọ ohun tí ẹ ń fi í ṣe.

Àdéhùn ló kù. Nàìjíríà wà nínú Àdéhùn Nagoya ti 2010, àdéhùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, tó ní kí wọ́n gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó kó ewé tàbí ìmọ̀, kí èrè sì kan ẹni tó ni ín. Ó ṣeé ṣe: kí wọ́n tó ṣe Niprisan, oògùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ìyèré, kànnáfùrù, osùn àti ọkà bàbà wà nínú rẹ̀, àjọ ìwádìí oògùn ìjọba l'Ábújá bá oníṣègùn Yorùbá tó ni ìmọ̀ náà ṣàdéhùn.

Ìwé àdéhùn yín gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó rán olùwádìí náà, iye kílò tó ń kó, iye owó tó ń san báyìí àti ìpín yín bí oògùn bá dé ọjà, àti pé kò gbọ́dọ̀ gba páténtì láìpadà wá bá yín. Gbólóhùn tí wọ́n máa ń gbàgbé jù ni pé kò gbọ́dọ̀ fún ẹlòmíràn ní ohun tó gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà á lónìí lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ lókè òkun, ẹni tí kò bá yín ṣàdéhùn kankan, kò sì sí ibi tí ẹ máa mú un.

Bí ìwé bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n kà á ní Yorùbá létí ẹlẹ́rìí méjì, kí ẹ gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ tó tẹ̀ka. Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ dá fọwọ́ sí i lórúkọ ẹgbẹ́. Ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, ọ̀kan láàfin.