Irun ń re lórí: oògùn dókítà ni àbí fítámì irun?

Òkun o, ẹ̀yin ará wa. Ilé oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kàbà, ọ̀rọ̀ irun sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi jù. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ wọn ti náwó tán kí wọ́n tó béèrè. Mo kó díẹ̀ nínú ìbéèrè wọn jọ síbí, mo sì yọ orúkọ oníkálukú kúrò.

Ìbéèrè: Mò ń ta aṣọ ní Ìyárá. Irun àárín orí mi ń fẹ́lẹ́ sí i lọ́dọọdún. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa lo fítámì irun tó ń jẹ́ biotin, ọmọ mi tó wà l'Ábùjá ní minoxidil ni kí n rà. Èwo ló lágbára jù?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra ọ̀kankan. Iṣẹ́ wọn ò jọra, a ò sì lè mọ èyí tó yẹ yín láìmọ ohun tó ń mú irun yín re.

Oògùn ni minoxidil. Hóró tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru ni tẹ́lẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1979. Àwọn tó ń gbé e mì ló bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun níbi tí wọn ò retí, ni wọ́n bá sọ ọ́ di olómi tí a ń fi pa orí. Wọ́n fọwọ́ sí ti ọkùnrin ní 1988, ti obìnrin tẹ̀ lé e ní 1991. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ìwádìí ti fi hàn pé irun àwọn tó lò ó pọ̀ ju ti àwọn tí wọ́n fún ní olómi tí kò ní oògùn nínú lọ.

Fítámì irun kì í gba ọ̀nà yẹn kọjá. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti 1994, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ìgò yìí ti ń wá: ẹni tó ń ṣe fítámì kò ní láti kọ́kọ́ fi han ìjọba pé ó ń ṣiṣẹ́ kó tó gbé e lọ sọ́jà. Nọ́ńbà NAFDAC dára lára ìgò, ẹ má sì ra èyí tí kò ní in. Ṣùgbọ́n kò sí ìlérí nínú nọ́ńbà náà pé irun yóò hù.

Ní ti biotin, bíi 30 máíkírógíráàmù ló tó àgbàlagbà lójúmọ́. Ìgò tí wọ́n ń tà fún yín lè gbé 10,000 nínú hóró kan ṣoṣo. Ẹyin, ẹ̀pà àti ẹ̀dọ̀ ní biotin nínú, kò sì wọ́pọ̀ kó dín lára ẹni tó ń jẹun dáadáa. Ẹni tí kò dín lára rẹ̀, ìtọ̀ ni yóò bá jáde. Fítámì a máa ṣe irun lóore nígbà tí nǹkan kan bá dín lára lóòótọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló sì ń sọ ìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni irun yín ń fẹ́lẹ́, tí orí kò yún, tí kò sì dun yín, tí ìyá yín tàbí àwọn ẹ̀gbọ́n yín náà ní irú rẹ̀, minoxidil ló ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Bó bá ń yún tàbí tó ń ta yín, ẹ ka ìdáhùn tí mo fún onídìrí nísàlẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ìbéèrè: Mo bímọ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Tí mo bá ti ń yarun, ẹ̀kúnwọ́ ló ń bọ́. Wọ́n ti tà mí ní fítámì oríṣi méjì, kò tíì yàtọ̀.

Ìdáhùn: Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ fọkàn balẹ̀. Nígbà oyún, irun tó yẹ kó ti bọ́ a máa dúró. Bí ènìyàn bá ti bímọ tán, gbogbo wọn á wá máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin. Ìdí irun kò kú, ó ń sinmi ni. Irú rẹ̀ a máa ṣe ẹni tí ibà líle tàbí táífọ́ọ̀dù dá dùbúlẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹni tó ṣọ̀fọ̀ tí kò lè jẹun, àti ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀ kó lè fọn. Oṣù méjì mẹ́ta lẹ́yìn náà ni irun máa ń re, ìgbà tí ènìyàn ti gbàgbé àìsàn náà, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kì í fi so ó pọ̀.

Kí ọmọ tó pé ọdún kan, irun ọ̀pọ̀ ìyá ti padà láìlo nǹkan kan. Ibí yìí gan-an ni fítámì irun ti gba orúkọ ńlá. Ohun tí ènìyàn bá ń gbé mì nígbà tí irun ń padà bọ̀ ni yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì lọ sọ fún ọ̀rẹ́ mẹ́wàá. Èmi kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n owó wàrà àti ẹyin nilé ni owó náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bójú tó ni ẹ̀jẹ̀ yín. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dà púpọ̀ nígbà ìbímọ, tàbí tí nǹkan oṣù yín máa ń pọ̀, ẹ ní kí dókítà ṣe àyẹ̀wò ferritin pẹ̀lú PCV, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára. PCV lè dára kí irin tó wà ní ìpamọ́ nínú ara sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ferritin ló ń fi ìyẹn hàn. Tó bá dín, oògùn irin tí dókítà kọ yóò ṣe yín lóore ju gbogbo fítámì tó ní àwòrán onírun gígùn lára lọ. Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kí ẹ mu ọsàn tẹ̀ lé e. Ẹ má mu tíì mọ́ oúnjẹ, kì í jẹ́ kí irin wọ ara dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má sì ra oògùn irin láìṣàyẹ̀wò, pàápàá ẹni tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí irin lè ti pọ̀ jù lára rẹ̀.

Ẹ má fi minoxidil kan orí nígbà tí ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, àfi tí dókítà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Dókítà ní kí n lo minoxidil. Oṣù kan nìyí, irun tó ń bọ́ tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé kí n dá a dúró ni?

Ìdáhùn: Ẹ má dá a dúró. Irun ògbólógbòó ló ń jáde kí tuntun lè rọ́nà gbà, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Irun orí kì í ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ lóṣù, nítorí náà kí oṣù kẹrin sí ìkẹfà tó pé, ẹ ò tíì lè ṣèdájọ́. Awọ orí ni kí ẹ fi pa, kì í ṣe ara irun, kí orí sì gbẹ kí ẹ tó sùn. Tí àyà bá ń já, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí ẹsẹ̀ wú, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ pa ìgò mọ́ kí ológbò má lá a, ó lè pa á.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ sọ: bí ẹ bá fi í sílẹ̀, irun tí ẹ rí gbà yóò tún lọ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ ṣírò owó rẹ̀ dé ọdún mélòó kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ Mọ̀pà ni mí, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Iwájú orí mi ń pá bíi ti bàbá mi. Wọ́n ní oògùn finasteride ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ó ń pa ọkùnrin lára. Ẹlòmíràn ní kí n lo saw palmetto, pé ewé lásán ni.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Hóró 5 mg ló kọ́kọ́ jáde ní 1992 fún prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) tó wú. 1 mg ti irun tẹ̀ lé e ní 1997. Láti ara testosterone, hòmóònù ọkùnrin, ni ara ti ń ṣe hòmóònù mìíràn tó ń jẹ́ DHT, èyí tó máa ń mú ìdí irun súnkì lórí ẹni tí irun rẹ̀ kò gbà á. Finasteride ń dín DHT inú ẹ̀jẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Ìbẹ̀rù yín kì í ṣe ti asán. Àwọn díẹ̀ máa ń sọ pé ìfẹ́ obìnrin dín lọ́kàn wọn, tàbí pé nǹkan ọkùnrin kò dìde dáadáa, tàbí pé ọkàn wọn ń rẹ̀wẹ̀sì. Ó ń lọ lára ọ̀pọ̀ wọn tí wọ́n bá dá oògùn dúró, ṣùgbọ́n àwọn kan ti ròyìn pé ó pẹ́ lára àwọn. Fún ọjọ́ orí yín, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó jẹ mí lógún jùyẹn lọ. Finasteride ń mú kí àyẹ̀wò PSA, tí a fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ prostate, kà tó ìdajì iye rẹ̀ gan-an. Bí dókítà kò bá mọ̀ pé ẹ ń lò ó, ó lè ní ara yín le nígbà tí kò le. Ẹ ṣe PSA kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa sọ ọ́ níbikíbi tí ẹ bá ti fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fọwọ́ ara yín gé hóró prostate sí wẹ́wẹ́ nílé. Aboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyí tó bá fọ́, ó lè ṣe ọmọ ọkùnrin inú rẹ̀ léṣe.

Ẹ̀rí tó wà fún saw palmetto kéré gan-an sí ti finasteride. Pé ó ti ara ewéko wá kò sọ pé kò lè bá oògùn mìíràn jà, pàápàá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Orí tó ń pá bíi ti bàbá ẹni kì í sì í ṣe àrùn. Tí kò bá dùn yín, ẹ lè fi í sílẹ̀.

Ìbéèrè: Onídìrí ni mí ní Ìsánlú. Iwájú orí àwọn oníbàárà mi ń pá, àwọn mìíràn ń pá láàárín orí. Fítámì wo ni mo lè máa tà fún wọn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo dúpẹ́ pé o béèrè, nítorí ojú rẹ ló kọ́kọ́ ń rí i ṣáájú ojú dókítà. Má ta fítámì kankan fún wọn.

Ti iwájú àti ẹ̀gbẹ́ etí, irun tó le jù ló sábà máa ń fà á: dídì tó ń fa awọ, àfikún irun tó wúwo, gọ́ọ̀mù wíìgì. Bí ẹni náà bá ń ní orí fífọ́ tàbí tí ròrẹ́ wẹ́wẹ́ ń yọ ní ìdí irun lẹ́yìn dídì, tú u lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá tètè dẹ̀ ẹ́, irun yóò padà. Tó bá pẹ́ jù, àpá á dí ojú ibẹ̀.

Ti àárín orí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Àrùn kan wà tó wọ́pọ̀ lára àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú: á bẹ̀rẹ̀ láàárín orí, á máa yún, á máa ta, irun ibẹ̀ á máa gé kúrú, lẹ́yìn náà á máa fẹ̀ yíká. Tí awọ ibẹ̀ bá ti ń dán tí o kò rí ojú ihò irun mọ́, àpá ti bo ìdí irun. Kò sí fítámì tó lè ṣí i, kò sí minoxidil tó lè ṣí i. Abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń mú ara wíwú rọlẹ̀, sí awọ orí àti doxycycline, oògùn apakòkòrò, fún oṣù mélòó kan wà lára ohun tí dókítà awọ ara máa ń lò láti gba èyí tó kù là. Ní 2019, àwọn onímọ̀ rí i pé ìyípadà nínú jíìnì kan tó ń jẹ́ PADI3 lọ́wọ́ sí i lára àwọn kan, nítorí náà má jẹ́ kí wọ́n di gbogbo ẹ̀bi lé ọ lórí.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀, sọ fún un pé kó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà tó sún mọ́ ọn, kó lọ rí oníṣègùn awọ ara ní ilé-ìwòsàn ńlá Lọ́kọ́ja, tàbí ti yunifásítì ní Ìlọrin. Fún ará Yàgbà, ọ̀nà Ìlọrin lè rọrùn jù. Bí oṣù ṣe ń lọ ni irun tí kò lè padà ń pọ̀ sí i.

Ìbéèrè: Bí fítámì kò bá ṣiṣẹ́, ó kéré tán kò lè pani lára, àbí?

Ìdáhùn: Ó lè pani lára. Àpọ̀jù fítámì A àti ti selenium (èròjà kan tí ara ń fẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀) fúnra wọn ń mú irun re. Ní 2008, fítámì olómi kan tí selenium inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 200 ohun tí wọ́n kọ sí ara ìgò sọ ènìyàn 201 di aláìsàn ní Amẹ́ríkà, irun sì bọ́ lórí ọ̀pọ̀ wọn. Biotin púpọ̀ náà a máa da àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rú. FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ ní 2017 pé ó lè bo àyẹ̀wò tó ń fi àrùn ọkàn òjijì hàn mọ́lẹ̀, àti ti táíròdì, ẹṣẹ́ tó wà ní ọrùn. Ẹ sọ fún yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín.

Ìbéèrè: Orí ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti pá róbótó róbótó. Ṣé fítámì ọmọdé ni kí n fún un?

Ìdáhùn: Rárá o. Tí ojú ibẹ̀ bá ní èépá funfun tó sì ń yún, làpálàpá ni yóò jẹ́. Ó ti wọ inú irun, ìdí nìyí tí òróró àti oògùn pípa nìkan kì í fi í tó. Griseofulvin tàbí terbinafine tí dókítà bá kọ níbàámu pẹ̀lú ìwọ̀n ara rẹ̀ ni yóò lò, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó sì lò ó tán bí irun bá tilẹ̀ ti ń hù. Tó bá ń dán tí kò ní èépá, nǹkan mìíràn ni, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Kí ó ní kóòmù, fìlà àti ìrọ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ wo orí àwọn ọmọ tó kù nínú ilé, kí ẹ sì ní kí onígbàjámọ̀ fọ ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa kó tó fi kan orí ẹlòmíràn.