Bí mo ṣe so owó Kòríà àtijọ́ mọ́ ọrùn

Ní Dongmyo, nílùú Seoul, àwọn bàbá arúgbó máa ń tẹ́ ọjà òkìrìkà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀: aago tó ti kú, rédíò, bàtà, kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́. Inú abọ́ ike kan níbẹ̀ ni mo ti rí owó idẹ tó dúdú bí ìdí ìkòkò, tó ní ihò onígun mẹ́rin láàárín. Mo fi mágnẹ́ẹ̀tì tí mo yọ lára fìríìjì mi kàn án, kò lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi ìka tọ́ etí rẹ̀, kò dọ́gba. Inú mi dùn, torí ayédèrú tí wọ́n ń tà fún àlejò sábà máa ń jọra bí ìbejì. Mo mú mẹ́ta, mo san 9,000 won, owó tí wọ́n ń ná ní Kòríà.

Yeopjeon ni wọ́n ń pè é, ìyẹn owó ewé. Tí wọ́n bá da idẹ yíyọ́ sínú àwòṣe, owó náà á so mọ́ ọ̀pá kan bí ewé ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka, wọ́n á wá ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tó wà lójú rẹ̀, ní lẹ́tà mẹ́rin, ni sangpyeong tongbo: ẹ ka ti òkè, ẹ ka ti ìsàlẹ̀, kí ẹ tó ka ọ̀tún àti òsì. Láti 1678 ni wọ́n ti ń ná an káàkiri, ó sì lé ní 200 ọdún tí wọ́n fi ń rọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí èyí tó wọ́pọ̀ kò fi wọ́n. Ọgọ́rùn-ún ẹyọ ló ń jẹ́ nyang kan, wọ́n á sì fi okùn sín wọn pọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ṣe ń sín owó ẹyọ ní ogójì ogójì.

Àṣìṣe mi rèé o. Lójú mi, idẹ tó dúdú, idẹ tó dọ̀tí ni. Ìyá ìyá mi máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ ẹ̀gbà idẹ rẹ̀ títí á fi máa kọ mànà. Èmi náà gé lẹ́mọ́ọ̀nù, mo bu iyọ̀ sí i, mo ki owó kan bọ̀ ọ́. Kí n tó mọ̀, ó ti pọ́n yòò bí ojú egbò. Nígbà tí mo fi han bàbá ọlọ́jà lọ́sẹ̀ kejì, ó kígbe pé, "Aigo!" "Yéè!" tiwọn nìyẹn. Dúdú tí mo bó dànù yẹn gan-an ni ọjọ́ orí rẹ̀.

Méjì tó kù, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni mo fi fọ̀ wọ́n. Mo nù wọ́n gbẹ, mo fi ìda oyin pa wọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí òógùn má baà sọ àyà mi di àwọ̀ ewé.

Mi ò lu ihò kankan, ihò tí wọ́n dá mọ́ ọn ti tó. Mo ṣẹ́ òwú po sí méjì, mo ki ojóbó rẹ̀ bọ inú ihò, mo fa orí méjèèjì gba inú ojóbó, mo fún un. Òwú tín-ín-rín tí mo kọ́kọ́ lò kò pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta: igun ihò náà gé e nínú ọkọ̀ ojú irin, owó sì yí wọ abẹ́ àga. Bí mo ṣe ń rákò lẹ́sẹ̀ èrò, ojú tì mí díẹ̀. Ni mo bá lọ ra okùn maedeup ní Dongdaemun, èyí tí wọ́n fi ń ta kókó ọlọ́nà. Ó nípọn, kò tíì já di òní.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ ṣẹ̀ṣọ́. Wọ́n ní byeoljeon, owó àrà tí kì í ṣe fún níná, tí wọ́n máa ń so pọ̀ mọ́ okùn aláràbarà fún ìyàwó tuntun.

Èyí tí mo bó ńkọ́? Mo fi bébà wé e, mo ki etí bébà náà gba inú ihò, mo fà á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Jegi nìyẹn, ohun ìṣeré Kòríà kan; ọmọ aládùúgbò mi ló ń fi ẹsẹ̀ gbá a sókè báyìí. Ó ti ka mẹ́tàlá kó tó bọ́ sílẹ̀.