Bí a ṣe ń fi òwú gba àyẹ̀wò lọ́fun ọmọ iléèwé tí kò ṣàìsàn

Kòkòrò streptococcus ẹ̀yà A, tó máa ń mú ọ̀fun dun ni, là ń wá. Ọmọ tí ara rẹ̀ le koko kò rí ìdí tó fi yẹ kó lanu fún ẹnikẹ́ni. Èmi kọ́kọ́ máa ń la tèmi, màá ní kó bá mi ka eyín ẹ̀yìn. Tó bá kan òun, kì í janpata mọ́.

Ẹ bi òbí rẹ̀ bóyá ó lo oògùn apakòkòrò láìpẹ́, torí ó lè bo kòkòrò mọ́lẹ̀.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi igi pẹlẹbẹ tẹ àárín ahọ́n (ẹ má tì í dẹ́yìn jù o, á bì sí yín lára), kó máa pe "àà". Ẹ yí òwú lára bèlúbèlú ọ̀tún, ẹ gba ẹ̀yìn ọ̀fun kọjá, ẹ parí sí tòsì. Òwú tó bá kan ahọ́n tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo máa ń jù ú nù ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa! Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àánú ọmọ ń ṣe mí, mo ń fọwọ́ fẹ́lẹ́ fi òwú kan ọ̀fun, àwo tí mo fi ń hu kòkòrò sì ń mọ́ fóó. Ọ̀gá mi tún ọ̀fun àwọn ọmọ kan náà gbà. Lọ́jọ́ kejì, kòkòrò ti hù lórí méjì.

Àwo ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ni à ń ra òwú sí. Ẹ fi wáyà gún un níbi méjì mẹ́ta, torí ọ̀kan nínú májèlé tí kòkòrò yìí fi ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ níbi tí atẹ́gùn bá wà. Ẹ gbé e sínú ooru ìwọ̀n 35 sí 37 lórí Celsius. Bí kò bá sí nǹkan lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dá a padà di wákàtí 48. Ohun tí ojú ń wá ni èso kínkín (ìdìpọ̀ kòkòrò tó hù) tí àyíká rẹ̀ mọ́ gaara. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà A. Ìpín ẹ̀yà tí Rebecca Lancefield, onímọ̀ kòkòrò ará Amẹ́ríkà, là sílẹ̀ ní 1933 la ṣì fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí ó bá jáde ńkọ́? Ẹ má sáré kọ penicillin. Nínú 100 ọmọ tí ara wọn dá, nǹkan bíi 12 ló ń gbé e kiri. Kì í sábà ṣe wọ́n ní nǹkan, wọn kì í sì í sábà kó o ran ẹlòmíràn. Bí ibà rheumatic (èyí tó lè ṣe ọkàn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ ká ara léṣe) bá ti ṣe ará ilé ọmọ náà rí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, dókítà ni kó dá sí i.

Lórí ìwé èsì, mo máa ń kọ ọ́ gàdàgbà pé ara ọmọ yìí dá lọ́jọ́ tí a gbà á. Bí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn bá mú ọ̀fun rẹ̀ dùn ún lóṣù tó ń bọ̀, dókítà á ti mọ̀ pé kòkòrò náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.