Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ẹ̀sùn kan tó láti yọ gómìnà nípò

Tí ẹ bá gbọ́ pé àwọn aṣòfin ti kọ̀wé ẹ̀sùn sí gómìnà tàbí igbákejì rẹ̀, ohun méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: ìwé ẹ̀sùn náà fúnra rẹ̀, àti iye àwọn tó fọwọ́ sí i. Ariwo orí rédíò lè dúró ná. Abala 188 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ló kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí jọ. Ti ààrẹ àti igbákejì rẹ̀ wà ní abala 143, ọ̀nà kan náà sì ni méjèèjì ń gbà. Ìpín mọ́kànlá péré ni abala 188 ní, síbẹ̀ àwọn aṣòfin tó ti kọsẹ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ìdí tí òfin mọ̀

Ìdí kan ṣoṣo ni: kí ẹni náà hu ìwà àṣemáṣe tó burú jáì nínú iṣẹ́ tí ipò rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́. Ìpín kọkànlá sọ ohun méjì tó lè jẹ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀. Èkíní ni kí ó tàpá sí ìwé òfin ilẹ̀ lọ́nà tó wúwo. Èkejì ni ìwàkíwà tó jẹ́ pé, lójú àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó burú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ “lójú àwọn ọmọ ilé” yìí ló ń ti àwọn aṣòfin sí kòtò. Wọ́n á rò pé ohunkóhun tó bá ti bí àwọn nínú ti tó.

Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú ẹjọ́ Rashidi Ladoja, gómìnà Ọ̀yọ́ nígbà náà, tí wọ́n dá ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2006. Adájọ́ Niki Tobi sọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ló wúwo tó láti yọ gómìnà, ó sì ka irú èyí tó wúwo: kí gómìnà máa dá sí iṣẹ́ tí òfin fún àwọn aṣòfin tàbí àwọn adájọ́, kí ó ṣi àwọn òfin ìnáwó lò, kí ó rú òfin ìwà ọmọlúwàbí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, kí ó tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó wà ní Orí Kẹrin ìwé òfin mọ́lẹ̀, kí ó máa fọwọ́ kan owó ìjọba ìbílẹ̀, kí ó máa ti àwọn ológun láti gbàjọba. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ yìí. Nígbà tí ìwé ẹ̀sùn bá dé, ẹ gbé ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó bá ọ̀kan mu.

Àwọn èyí tí kì í bá a mu pọ̀. Ní Enugu, oṣù Kẹjọ 2014, wọ́n yọ igbákejì gómìnà Sunday Onyebuchi. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó ń sin adìyẹ nínú ọgbà ilé ìjọba tó ń gbé, èkejì sì ni pé kò lọ ṣojú gómìnà níbi tí wọ́n rán an. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà fagi lé e ní oṣù Kejìlá 2015. (Adìyẹ náà ló gbajúmọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Ní Edo, wọ́n yọ igbákejì gómìnà Philip Shaibu ní oṣù Kẹrin 2024 lórí ẹ̀sùn pé ó búra èké, ó sì tú àṣírí ìjọba. Nígbà tó di oṣù Keje, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá ní ohun tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ kò tó àṣemáṣe tó burú jáì rárá.

Kíkúrò nínú ẹgbẹ́ òṣèlú náà kì í ṣe ìdí. Aṣòfin tó bá yí ẹgbẹ́ padà lè pàdánù àga rẹ̀ lábẹ́ abala 109, ṣùgbọ́n kò sí irú òfin yẹn fún gómìnà tàbí igbákejì rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2006, nígbà tí ìjọba Ọbasanjọ́ ní Atiku Abubakar ti fi ipò igbákejì ààrẹ sílẹ̀ nítorí pé ó ti lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ní 2007 pé kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ nìkan ni wọ́n lè fi yọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹni náà tó dé ipò, bí ayédèrú ìwé ẹ̀rí, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni. Òfin sọ pé “nínú iṣẹ́ ipò rẹ̀”, ìyẹn sì yọ ohun àtẹ̀yìnwá kúrò. Tí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀ tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, abala 189 ni wọn yóò lò. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ àti àwọn dókítà ló ni ìyẹn, kò sì sí ẹ̀sùn kankan níbẹ̀.

Ní ìdàkejì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé àyàfi tí ilé ẹjọ́ bá kọ́kọ́ dá gómìnà lẹ́bi ni wọ́n tó lè yọ ọ́. Abala 308 kò jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù nígbà tó wà lórí ipò, ṣùgbọ́n abala náà kò dí àwọn aṣòfin lọ́wọ́. Oṣù Kejìlá 2005 ni wọ́n yọ Diepreye Alamieyeseigha ní Bayelsa. Ọdún 2007 ló tó gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi.

Bí ẹ̀sùn kan ṣe yẹ kó rí lórí ìwé

Òfin ní kí wọ́n kọ kúlẹ̀kúlẹ̀ ẹ̀sùn náà sílẹ̀. Ibí ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀lẹ ti ń hàn. “Gómìnà ń ná owó ìpínlẹ̀ bó ṣe wù ú” kì í ṣe ẹ̀sùn, ọ̀rọ̀ ìpolongo ìbò ni. Ẹ̀sùn tó dúró gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe, ọjọ́ tó ṣe é, iye owó tó bá jẹ́ ti owó, abala òfin tó rú, àti ìwé tó jẹ́rìí sí i. Báyìí ni: ní ọjọ́ báyìí, ó pàṣẹ kí wọ́n san iye báyìí fún agbaṣẹ́ṣe báyìí látinú àpò ìṣúná ìpínlẹ̀, owó náà kò sí nínú òfin ìṣúná ọdún yẹn, èyí tó lòdì sí abala 120, ẹ̀dà ìwé àṣẹ ìsanwó rèé, àti ẹ̀dà òfin ìṣúná.

Ẹ̀sùn mẹ́ta tó ní ìwé lẹ́yìn sàn ju ogún tí kò ní lọ. Àwọn aṣòfin fẹ́ràn kí ó pọ̀, wọ́n rò pé bó bá pọ̀ yóò bani lẹ́rù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé agbẹjọ́rò gómìnà yóò mú èyí tó fúyẹ́ jù, yóò fi da gbogbo rẹ̀ rú níwájú àwọn tó ń wádìí. Ní Nasarawa, 2014, ẹ̀sùn mẹ́rìndínlógún ni wọ́n kà sí gómìnà Tanko Al-Makura lẹ́sẹ̀. Ìgbìmọ̀ olùwádìí da gbogbo rẹ̀ nù.

Ẹ ka orí

Lẹ́yìn ẹ̀sùn, iye ló kù. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ dìbò pé kí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta náà ni yóò sì gba àbọ̀ ìwádìí wọlé níkẹyìn. Gbogbo ọmọ ilé ni wọ́n ń pín, kì í ṣe àwọn tó wá síbi ìjókòó lọ́jọ́ náà nìkan. Bí ìdá náà bá ní ìdajì tàbí díẹ̀ lórí, ẹ gbé e sókè, nítorí òfin ní kò gbọ́dọ̀ dín.

Ní Èkìtì, Òǹdó, Ọ̀ṣun àti Ògùn, tí ilé ìgbìmọ̀ wọn jẹ́ ọmọ 26, ènìyàn 9 ló lè fọwọ́ sí ìwé, 18 ló lè yọ gómìnà. Ọ̀yọ́ tó ní 32 nílò 11 àti 22. Èkó tó ní 40 nílò 14 àti 27. Kwara tó ní 24 nílò 8 àti 16. Tó bá jẹ́ ti ààrẹ, aṣòfin 157 nínú 469 ló máa fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà sẹ́nẹ́tọ̀ 73 àti ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin 240.

Ladoja ni ẹ̀kọ́ tó yé jù. Aṣòfin 18 nínú 32 ló yọ ọ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2006, àwọn kan nínú ìjókòó wọn sì wáyé ní hòtẹ́ẹ̀lì kan n'Íbàdàn, kì í ṣe nínú ilé ìgbìmọ̀. Ó kù mẹ́rin kí wọ́n tó pé. Ní Plateau lọ́dún yẹn kan náà, ènìyàn 8 nínú 24 ló yọ Joshua Dariye, wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ti pàdánù àga wọn nítorí pé wọ́n yí ẹgbẹ́ padà. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kò gbà: àga tó ṣófo kò sọ iye ọmọ ilé di kékeré. Ẹ wá wo Òǹdó ní 2020: ènìyàn 14 ló fọwọ́ sí ìwé lórí igbákejì gómìnà Agboola Ajayi, mẹ́sàn-án dìde pé àwọn kò sí níbẹ̀. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ náà kọ̀ láti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, torí 14 kò tó 18 tó gbọ́dọ̀ dìbò pé kí ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ máa sàmì sí

Ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé ẹ̀sùn lé abẹnugan ilé lọ́wọ́ ni ọjọ́ àkọ́kọ́. Láàárín ọjọ́ 7, abẹnugan gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn àti sí aṣòfin kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tó ń ṣe ti gómìnà. Bí gómìnà bá fèsì, èsì náà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ gbogbo wọn. Láàárín ọjọ́ 14 láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ilé yóò dìbò lórí bóyá kí wọ́n wádìí, láìsí àríyànjiyàn kankan. Aṣòfin tó bá dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ń fún agbẹjọ́rò lóúnjẹ ni. Kí akọ̀wé ilé kọ orúkọ ẹni tó dìbò bẹ́ẹ̀ ni àti ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí ariwo “a gbà!” kò ní iye nínú.

Lẹ́yìn ìbò, abẹnugan ní ọjọ́ 7 láti kọ̀wé sí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀, kí ó yan ènìyàn méje tí ìwà wọn kò lábùkù. Kò gbọ́dọ̀ sí òṣìṣẹ́ ìjọba, aṣòfin tàbí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan láàárín wọn. Ẹ wá orúkọ wọn, kí ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba wà lára òṣìṣẹ́ ìjọba, ìgbìmọ̀ tó bá sì ní ẹyọ kan irú rẹ̀ nínú lè wó nílé ẹjọ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní, ó pẹ́ jù. Gómìnà lẹ́tọ̀ọ́ láti wá fúnra rẹ̀ tàbí kí ó gba agbẹjọ́rò tó wù ú. Ibi ìgbẹ́jọ́ yìí ni yíyọ gómìnà Murtala Nyako ní Adamawa ti bàjẹ́. Ilé ẹjọ́ ní wọn kò fún un láyè tó tọ́ láti gbèjà ara rẹ̀.

Bí ìgbìmọ̀ méje náà bá ní ẹ̀sùn kò dúró, ó parí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ilé lè gbé òmíràn kalẹ̀. Ní Èkìtì, 2006, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Àgbà Kayode Bamisile yàn kò rí ẹ̀bi lára Ayo Fayose. Ilé ní kí adájọ́ náà lọ rọ́kún nílé, wọ́n fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀, ẹni yẹn yan ìgbìmọ̀ tuntun, wọ́n sì yọ gómìnà ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti kéde ìjọba pàjáwìrì lórí Èkìtì. Fayose padà wá di gómìnà lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2014, torí ẹni tí wọ́n yọ báyìí kì í ṣe ẹni tí kóòtù dá lẹ́bi.

Bí ìgbìmọ̀ bá ní ẹ̀sùn dúró, ilé ní ọjọ́ 14 láti gbà á pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta. Láti ọjọ́ yẹn gan-an ni gómìnà ti kúrò.

Ilé ẹjọ́ ńkọ́?

Ìpín kẹwàá ní kí kóòtù kankan má dá sí i. Nígbà tí wọ́n yọ Balarabe Musa ní Kaduna ní 1981, àwọn adájọ́ tẹ̀ lé irú ọ̀rọ̀ yìí nínú òfin 1979, wọ́n ní kò kan àwọn. Ẹjọ́ Ladoja ló yí i padà: bí ilé bá tẹ̀ lé ìpín kìíní dé ìkẹsàn-án, kóòtù kò ní dá sí i, bí wọ́n bá fo ọ̀kan nínú wọn, kóòtù lè wọlé. Nítorí náà, agbẹjọ́rò tó bá fẹ́ gba gómìnà sílẹ̀ kì í sábà bá àwọn aṣòfin jà lórí bóyá ìwà náà burú tó. Ọjọ́ àti iye ló ń kà. Àmọ́ kóòtù ń pẹ́. Oṣù mọ́kànlá ni Ladoja fi wà níta kó tó padà sípò, kò sì rí àwọn oṣù náà gbà padà. Sáà Nyako ti parí kí ìdájọ́ tirẹ̀ tó jáde ní 2016.

Ẹ má fi òṣùwọ̀n yìí wọn àwọn olóyè yòókù. Kọmíṣánnà, gómìnà ló yàn án, òun náà ló ń lé e. Alága ìjọba ìbílẹ̀, òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ lọ kà. Abẹnugan ilé sì yàtọ̀ pátápátá: abala 92 kò béèrè ìdí kankan, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló béèrè. Síbẹ̀ ìjókòó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó bófin mu. L'Ékòó, wọ́n yọ Mudashiru Obasa ní oṣù Kìíní 2025 nígbà tí ilé wà ní ìsinmi. Ní oṣù Kẹta ó ti padà sórí àga, ní oṣù Kẹrin ilé ẹjọ́ gíga Èkó ní yíyọ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.