Psion tòkunbọ̀: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́wọ́ pé orí Psion Series 5mx ni mo ti ń kọ ìwé mi, ìbéèrè ò tán lọ́dọ̀ mi mọ́. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kọ̀ǹpútà kékeré ni. Ó ń wọ àpò kóòtù, ó ń ṣí bí àpótí gíláàsì ojú, ó sì ní kíbọ́ọ̀dù tí ọwọ́ méjèèjì lè tẹ̀ dáadáa. Ilé iṣẹ́ Psion ní London ló ṣe é. Series 5 jáde ní 1997, 5mx tẹ̀ lé e ní 1999, nígbà tó sì di 2001 wọ́n ti yọwọ́ kúrò nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀. Gbogbo èyí tí ẹ bá rí lónìí, tòkunbọ̀ ni. Bátìrì AA méjì, irú ti agogo ara ògiri, ló ń lò, bí ẹ kò bá sì tan iná ojú rẹ̀, ó lè bá yín lọ ju ogún wákàtí lọ. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí NEPA ti ń ṣe bó ṣe wù ú á mọ ìdí tí mo fi dì í mú.

Àwọn ìbéèrè tí mo ń rí gbà jù nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo pààrọ̀ bátìrì Psion mi láàárọ̀ yìí. Nígbà tí mo tàn án, ó ń kí mi káàbọ̀ bí ẹ̀rọ tuntun. Gbogbo nọ́ńbà, gbogbo àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ wa, kò sí ọ̀kan níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa rí wọn gbà padà?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Mi ò ní tàn ẹ́: wọ́n ti lọ. Fóònù ló ti bà wá jẹ́. Bí bátìrì fóònù bá kú pátápátá, tó o bá tún gba iná sí i, ohun tó wà nínú rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Psion ò rí bẹ́ẹ̀. Àyè tó ń jẹ́ C nínú rẹ̀, iná ló ń mú un dúró ní gbogbo ìgbà, kódà nígbà tó o bá pa ẹ̀rọ náà. Iná bá kúrò lórí rẹ̀, ó di òfìfo.

Nǹkan méjì ló ń fún un níná. AA méjì ló ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Èkejì ni bátìrì pẹlẹbẹ roboto kan, CR2032, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó di mẹ́mọ́rì mú fún ìgbà díẹ̀ tó o bá yọ AA. Ó jọ pé ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ni CR2032 tìrẹ ti wà. Ó ti kú tipẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀, nítorí AA ń bò ó láṣìírí. Àárọ̀ tó o yọ AA ni àṣírí tú.

Kó o tó fọwọ́ kan AA nígbà mìíràn, ṣí Control panel, wọ Power, á sọ fún ẹ bí bátìrì méjèèjì ṣe wà. Tí kékeré bá ti rẹ̀, òun ni kó o kọ́kọ́ pààrọ̀, kí AA tó lágbára sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o wá pààrọ̀ AA, má sì yọ tán kó o wá lọ jẹun. Má ṣe yọ méjèèjì pọ̀ láé. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo yọ méjèèjì lọ́jọ́ kan nítorí pé mo fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú rẹ̀. Iṣẹ́ oṣù méjì ló bá eruku lọ.

Ohun tó ń gbà mí báyìí ni mẹ́mọ́rì káàdì. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún CompactFlash, káàdì tó tóbi ju ti fóònù lọ, tí àwọn oníkámẹ́rà ń lò nígbà kan. Ẹ̀rọ náà á máa pè é ní D. Ohun tó bá wà lórí D, bátìrì ì báà wà, ì báà má sí, kò kàn án. Ní alaalẹ́ kí n tó sùn, mo máa ń kọ́pì fódà tí mo fi ṣiṣẹ́ láti C lọ sí D. Má wulẹ̀ wá káàdì ńlá: FAT16, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí káàdì, ló mọ̀ ọ́n kà, ìyẹn ò sì kọjá 2 GB. 128 MB ni tèmi, mi ò tíì lò ó dé ìdajì.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, bátìrì onícháàjì ni mo rà kí n má bàa máa náwó lójoojúmọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ cháàjì wọn tán, Psion ní wọ́n ti fẹ́ kú. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, a mọ ọjà wa. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí bátìrì má ní ẹ̀bi. Bátìrì alkaline tuntun, 1.5 volt ni. Onícháàjì irú NiMH, 1.2 volt ni. Òṣùwọ̀n alkaline ni ẹ̀rọ náà fi ń wọn tìrẹ, nítorí náà ó rò pé o ti lò wọ́n dé ìdajì. Má dá a lóhùn. NiMH á dúró lórí 1.2 yẹn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, á wá já wálẹ̀ lójijì lópin. Ewu rẹ̀ nìyẹn: tí ìkìlọ̀ bá jáde, àsìkò tó kù ò tó nǹkan. Máa mú méjì mìíràn lọ́wọ́. Má sì retí pé tó o bá ki wáyà iná bọ Psion, á cháàjì bátìrì inú rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Inú cháájà tiwọn ni kó o ti máa cháàjì wọn.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Bàbá mi ló lo ẹ̀rọ yìí nígbà tí wọ́n wà ní London, wọ́n ti wá fún mi. Ìgbà tí mo ṣí ibi tí bátìrì ń gbé, nǹkan funfun tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ ló bo irin rẹ̀, kò sì tàn. Ṣé kí n jù ú nù ni?

Ìdáhùn: Ẹ káàsán mà. Ẹ má jù ú o! Bátìrì tí wọ́n gbàgbé sínú rẹ̀ ló jò. Ohun tó jò yẹn máa ń jẹ awọ ara, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kẹ́ ẹ sì yọ bátìrì àtijọ́ dànù. Ẹ wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìdérí ìgò, ẹ ki igi òwú tí a fi ń nu etí bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi fọwọ́ kan ibi tó funfun yẹn. Ẹ má dà á sí i. Tó bá ń hó, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Omi kíkan inú ọsàn ń pa agbára kẹ́míkà náà. Nígbà tí kò bá hó mọ́, ẹ fi igi òwú mìíràn tó ní sípírítì nù ún, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ títí á fi gbẹ pátápátá. Tí irin bá ṣì dúdú, ẹ fi rọ́bà ìpaléèdì àwọn ọmọ ilé ìwé rà á títí á fi dán. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyẹn náà ti tó. Tí irin bá ti jẹ tán tó já, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń jó irin fóònù.

Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tún ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ẹní fọwọ́ kan oyin, kì í ṣe ìdọ̀tí bàbá. Ọ̀dà rọ́bà tí wọ́n fi kùn ún láti ilé iṣẹ́ ló ń yọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Sípírítì ló ń ṣí i, pẹ̀lú sùúrù. Ẹ má jẹ́ kó kan ojú ẹ̀rọ tàbí lẹ́tà orí kíbọ́ọ̀dù.

Ìbéèrè: Ìlà dúdú ti gba ojú Psion mi kan. Tí mo bá tẹ ojú rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á lọ. Tí mo bá dà á síwájú, wọ́n á padà.

Ìdáhùn: Ìwọ fúnra rẹ ti wá ibi tí àrùn wà rí. Wáyà pẹlẹbẹ kan, tó fẹ́lẹ́ bí pépà, ló gba inú oríkèé kọjá láti ìsàlẹ̀ lọ sí ojú ẹ̀rọ. Ìgbàkígbà tó o bá ṣí i, tó o sì pa á dé, wáyà yẹn ń ká, ó ń nà. Nígbà tó bá yá, á là. Kò sí ohun tó o lè tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù tó máa wò ó sàn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ láti òfo nítorí rẹ̀, wàá kàn pàdánù iṣẹ́ rẹ lásán. Àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ yìí ṣì ń ṣe wáyà tuntun tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá lè pààrọ̀ ojú fóònù lè fi sí i, ṣùgbọ́n kó rọra o, oríkèé Psion kì í ṣe ẹ̀rù tí wọ́n ń fipá gbé. Kọ́pì gbogbo nǹkan rẹ sórí D lónìí, nígbà tó o ṣì ń rí ojú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ ojú ìwé mẹ́wàá. Báwo ni mo ṣe máa gbé e dé orí láàpútọ́ọ̀pù? Ọ̀gbẹ́ni tó tà á fún mi ní kí n wá PsiWin, ètò tí Psion fi ń bá kọ̀ǹpútà Windows sọ̀rọ̀, Windows mi ò gbà á.

Ìdáhùn: PsiWin ti dàgbà, jẹ́ kó sinmi. Nínú Word orí Psion, wọ File, wọ More, wá ibi tó ti ń fi fáìlì jáde gẹ́gẹ́ bí text. Gbé e sórí káàdì D. Yọ káàdì, ki í bọ ẹ̀rọ USB tó ń ka CompactFlash, ó parí. Fáìlì Word tí Psion fi pamọ́ fúnra rẹ̀ kò ní ṣí lórí láàpútọ́ọ̀pù, nítorí náà má gbàgbé text yẹn. Ẹni tó bá ń lo Linux, tó sì ní wáyà serial, plptools, ètò tó ń ṣe irú iṣẹ́ PsiWin, wà fún un. Èmi ò ní sùúrù wáyà.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ Yorùbá, báwo lẹ ṣe ń fi àmì sí i lórí ẹ̀rọ yẹn? Mo wá ẹ, ọ àti ṣ títí, mi ò rí wọn.

Ìdáhùn: Wọn ò sí níbẹ̀. Lẹ́tà àwọn ará ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù ni wọ́n kó sínú rẹ̀. O lè rí é àti à nítorí àwọn Faransé ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n ní ti lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí wa. Ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀nà gbé e gbà.

Ọ̀nà tí mo gbà nìyí. Yorùbá kì í lo c, q àti x, àmọ́ wọ́n wà lórí kíbọ́ọ̀dù láìníṣẹ́. Mo fún wọn níṣẹ́: q di ọ, x di ẹ, c di ṣ. Ti ohùn, mo rántí bí tíṣà wa ṣe kọ́ wa ní dò, re, mí. Dò ni 1, mí ni 3, re kò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn fáwẹ́lì tàbí n ni mo ń kọ nọ́ńbà náà sí. «ọjọ́» á di qjq3. «ọ̀nà» á di q1na1. «ṣẹ̀ṣẹ̀» á di cx1cx1. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn awo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìka mi ti mọ̀ ọ́n ju kíbọ́ọ̀dù Yorùbá orí fóònù lọ, nítorí mi ò ní láti tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀ kí n máa dúró de àmì.

Tí fáìlì bá dé orí láàpútọ́ọ̀pù, mo fi Find and Replace yí i padà. Kí ó mọ ìyàtọ̀ lẹ́tà ńlá àti kékeré, Match case, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Ọlọ́run á di ọlọ́run. Àwọn tó ní nọ́ńbà ló ń ṣáájú: q1, q3, x1, x3, a1, a3, títí dé n1 àti n3. Lẹ́yìn wọn ni q, x àti c lásán. Tó o bá yí q lásán padà ṣáájú, o ti da gbogbo rẹ̀ rú. Fi UTF-8, ọ̀nà ìpamọ́ tó mọ lẹ́tà Yorùbá, pa á mọ́, má sì gbé èyí tó ti lámì padà sórí Psion, á kàn fi wúruwùru hàn ọ́ ni.

Àléébù kan wà: orúkọ òyìnbó. Facebook di Faṣebook, Linux di Linuẹ, 5mx tí mo fi kọ gbogbo rẹ̀ sì di 5mẹ. Ọwọ́ ni mo fi ń tún wọn ṣe níkẹyìn, mo sì ti jẹ́ kí 5mẹ kan bọ́ síta rí.

Ìbéèrè: Ṣé ó lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn: Nígbà ayé rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, Opera pàápàá ti wà fún un. Lónìí, ọ̀nà tí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà ti ọ̀rọ̀ pa kí ẹlòmíràn má bàa kà á, kò mọ̀ ọ́n. Fi fóònù rẹ ṣe ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé o lo Nokia 6600 rí, mọ̀ pé o ti pàdé ẹbí rẹ̀: EPOC, ètò tó ń darí Psion, ló di Symbian nígbà tó yá, Symbian ló sì wà nínú Nokia yẹn.

Ìbéèrè: Mo ti rí ọ̀kan tí wọ́n ń tà. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ìdáhùn: Mú AA méjì tìrẹ dání lọ. Ṣí i, pa á dé, ní ìgbà mẹ́wàá, máa wo ojú rẹ̀ bóyá ìlà á jáde. Tẹ gbogbo bọ́tìnnì, pàápàá àwọn tó wà létí. Fi péńnì rẹ̀ tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú rẹ̀. Yọ ìdérí bátìrì, fi iná fóònù wo irin inú rẹ̀. Bi ẹni tó ń tà á bóyá péńnì àti ìdérí bátìrì kékeré ṣì wà, nítorí ìyẹn ló ń sọnù jù. Tí ọ̀gá yẹn bá ní kó o sanwó kó o tó ṣí i, bá tìrẹ lọ.