Ìlà Kejì Yẹn Fẹ́ Sọ Mí Di Onígbèsè

Páálí oògùn ibà mẹ́ta ni mo rà fún ọmọ kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nínú oṣù kẹta tó kọjá yìí. Ẹyọ kan péré ni ara rẹ̀ nílò. Èmi tí mo ra ike àyẹ̀wò sílé torí kí n lè ṣọ́wó ná ni mo wá náwó ìlọ́po mẹ́ta. Ó ṣì ń dùn mí.

Tẹ́lẹ̀, bí ara Àyọ̀ bá ti gbóná, láti Apátá la ó ti wọkọ̀ lọ sí lábù kan ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn níbí. ₦3,000 ni wọ́n ń gbà, ká má tíì sọ ti ṣọ́ọ̀bù tí mo tì sílẹ̀. Aṣọ ni mo ń rán, oníbàárà tó ní òde lọ́la ò sì fẹ́ gbọ́ pé ara ọmọ ẹnìkan ò yá. Nígbà míì wọ́n á tún ní kò sí ibà rárá. Ni mo bá kọrí sí Agbeni, mo ra ike àyẹ̀wò ibà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní RDT, 25 nínú páálí kan.

Gígún ìka ò le. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ gún, kí sípíríìtì tí ẹ fi nù ún sì gbẹ kí ẹ tó gún un. Èmi tí abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ mi fún ogún ọdún, ọmọ ò mọ ìgbà tí mo ṣe é tán! Ẹ̀jẹ̀ kó sójú kékeré, omi inú ìgò kó sójú kejì, ó di ìṣẹ́jú 15. Bí ìlà kan bá yọ, kò sí ibà; bó bá jẹ́ méjì, ibà wà. Ìlà méjì yọ, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Mo ra oògùn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń fún un ní àkàrà mọ́ oògùn náà torí ó ń fẹ́ oúnjẹ ọlọ́ràá. Ní ọjọ́ kẹrin ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Inú mi dùn débi pé mo ń kọ́ àwọn ará àdúgbò.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wàhálà dé. Ọ̀fìnkìn mú un, ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo gún un. Ìlà méjì! Mo sáré lọ bá oníkẹ́míìsì. Ó ní, "Ìyá Àyọ̀, oògùn àkọ́kọ́ yẹn ò ká a ni," ló bá gbé èyí tó wọ́n jù ú lọ fún mi. A lo ìyẹn tán, mo tún gún un kọ́kàn mi lè balẹ̀. Ìlà kejì ti ṣá díẹ̀, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Mo ní bóyá ike yẹn ló bàjẹ́, mo mú òmíràn: bákan náà. Mo gún ara mi: ìlà kan ṣoṣo. Ike ò bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Mo padà lọ bá ọkùnrin yẹn, a pariwo síra wa, ó ní ayédèrú oògùn ni mo ti ń lò. Taló tà á fún mi? Mo ṣáà tún ra ẹ̀kẹta. Ẹnu ọmọ ti korò, kò jẹun mọ́.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló dé láti Mọ́níyà tó já páálí náà gbà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìlò kejì. Ó ní, "Tóo bá rán aṣọ tán, ṣé ọjọ́ náà ni ṣọ́ọ̀kì tóo fi ṣàmì ń parẹ́?" Ike yẹn ò rí kòkòrò ibà fúnra rẹ̀. Ohun tí kòkòrò tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń rí, ìyẹn sì lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ó mú wa lọ sí lábù, wọ́n tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, wọ́n fi máíkíróskóòpù wò ó. Kò sí kòkòrò kankan. Ọ̀fìnkìn lásán ni. Mo tún san ₦3,000 tí mo ń sá fún.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ ìlà tí kì í tètè lọ yẹn wà nínú ìwé tó bá páálí ike wá, ní lẹ́tà wínníwínní. Mo ti fi ìwé yẹn di bọ́tìnnì.

Ní báyìí, mo máa ń kọ ọjọ́ tí ọmọ lo oògùn sára páálí. Bí ara rẹ̀ bá tún gbóná láàárín oṣù kan sí ọjọ́ yẹn, lábù onígíláàsì tààrà ni, n ò ní gún ẹnikẹ́ni. Bí ike bá sì ní kò sí ibà tí ara ọmọ ṣì ń gbóná, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe kẹ́míìsì. Mo tún gbé páálí náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù. 30°C ni ìwọ̀n ooru tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ kọjá, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí abẹ́ páànù ṣe ń rí n'Íbàdàn lóṣù kẹta. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó o. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ká máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ká tó lo oògùn ibà. Màámi ò tíì gbà, ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń yẹ ibà wò lọ́rùn ọmọ.

Ogún ló kù nínú páálí. Oníkẹ́míìsì ní kí n ta mẹ́wàá fún òun. Mo ní kó kọ́kọ́ dá owó oògùn méjì padà.