Bí Nǹkan Bá Já Sínú Ẹ́ńjìnnì: Bí Ẹ Ṣe Lè Yọ Ọ́ Láìba Ọkọ̀ Jẹ́

Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kí ẹ fi í sápò, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ tú wáyà nẹ́gẹ́tíìfù lórí bátìrì pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì sítáàtì rẹ̀. Ì báà jẹ́ bóòtù ló bọ́ lọ́wọ́ yín, ì báà jẹ́ nọ́ọ̀tì, ì báà jẹ́ ike orí gééjì ọ́ìlì ló kán sínú ihò rẹ̀, ẹ́ńjìnnì yẹn kò gbọdọ̀ yí rárá títí ẹ ó fi mọ ibi tí nǹkan náà wà.

Mò ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọkọ̀ tí wọ́n ti sítáàtì wò ló máa ń bà mí nínú jẹ́ jù. Nǹkan tó dúró jẹ́ẹ́ síbì kan kì í ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ìgbà tí káḿṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù (ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti èéfín), bá gbá a, tàbí tí ṣéènì táímínì tó ń yí ọ̀pá náà bá wọ́ ọ mọ́ra, ni wàhálà dé. Bí ṣéènì bá fo eyín, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, fáàfù àti písítìnnì tó ń lọ sókè sódò lè kọlu ara wọn, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan á sì di títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

Ẹ má tíì sáré wọ abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ohun tó bá ti já sínú ihò ọ́ìlì ti balẹ̀ sínú sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, nìyẹn, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, òkè ló ṣì wà. Orí kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì, ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì, ni ihò tí à ń da ọ́ìlì sí sábà máa ń wà. Abẹ́ rẹ̀ ni tọ́ọ̀pù sìlíńdà, níbi tí káḿṣáàfù, sípíríǹgì fáàfù àti oríṣiríṣi kòtò kéékèèké wà tí bóòtù lè sá pamọ́ sí. Ọ̀nà méjì ló ti ibẹ̀ lọ sí sọ́ǹpù. Àwọn ihò tí ọ́ìlì ń gbà ṣàn padà ni àkọ́kọ́. Wọn kì í sábà tóbi. Èkejì ni iwájú ẹ́ńjìnnì tó ń lo ṣéènì, nítorí pé ojú ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tó bá gba ibẹ̀ já lè dé sọ́ǹpù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì lè há sára ṣéènì lójú ọ̀nà.

Bí nǹkan tó já náà bá ní ìkejì, ẹ tú ìkejì yẹn wá. Ẹ fi òòfà kàn án. Bí òòfà kò bá gbé e, kò ní gbé èyí tó wà nínú náà. Alumíníọ̀mù, idẹ, ike àti rọ́bà kò bá òòfà lọ, púpọ̀ nínú irin tí kì í dípẹtà náà kò bá a lọ. Ẹ tún fi ìkejì yìí wé àwọn ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà: bí kò bá lè wọ ibẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì kò sì lo ṣéènì, ẹ má wulẹ̀ tú sọ́ǹpù.

Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà. Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń so mọ́ fóònù wúlò gan-an níbí. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ ṣí kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ fi àkísà mímọ́ dí àwọn ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà àti ojú ṣéènì, kí ohun tí ẹ ń wá má baà jìn sí i. Kí àkísà náà tóbi, kí etí rẹ̀ yọ síta, kí ẹ má baà gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Òòfà orí ọ̀pá tó ń nà ni irinṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ máa ń mú, ṣùgbọ́n ó ní ìyọnu tirẹ̀: gbogbo irin tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń lẹ̀ mọ́, pàápàá káḿṣáàfù àti ṣéènì. Ẹ ki í bọ inú hóòsì ike tẹ́ẹ́rẹ́, kí orí rẹ̀ nìkan yọ síta. Èyí yóò dín fífà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kù, ẹ ó sì lè darí rẹ̀ síbi tí ẹ fẹ́. Fún ohun tí òòfà kò lè gbé, ẹ lo wáyà oníka tó ń ṣí tó sì ń pa dé.

Bí òkè bá mọ́ tónítóní, ó di ọ̀rọ̀ sọ́ǹpù. Ẹ gbé báásíìnì mímọ́ sábẹ́, kí ẹ fi asẹ́ lé e, kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tó dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà jáde. Ọ́ìlì tútù kì í yára dà, nítorí náà, ẹ ní sùúrù fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ da bí ìdajì lítà ọ́ìlì tuntun láti òkè. Ìṣàn rẹ̀ lè ti nǹkan kékeré jáde. Bí kò bá jáde, ẹ ki òòfà gba ihò náà wọlé. Bí sọ́ǹpù bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ lè fi òòfà alágbára wọ́ bóòtù náà láti ìta wá sẹ́nu ihò. Sọ́ǹpù onírin kò rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń gba agbára òòfà mọ́ra. Nínú sọ́ǹpù kan, awo irin tún wà tó pààlà inú rẹ̀. Ohun tó bá jókòó sórí awo yìí kò ní dé ihò láéláé.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi í sílẹ̀, pé asẹ́ tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù tó ń fa ọ́ìlì gòkè kò ní jẹ́ kó kọjá. Lóòótọ́, bóòtù kò lè gba ojú asẹ́ kọjá. Ṣùgbọ́n ike àti rọ́bà fúyẹ́. Pọ́ǹpù á fà wọ́n lẹ̀ mọ́ asẹ́, ọ́ìlì kò sì ní rọ́nà gòkè. Èmi kì í fi wọ́n sílẹ̀ rárá.

Bí títú sọ́ǹpù bá di dandan, ẹ má fi jáàkì nìkan gbé ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e ró lórí sítáǹdì irin níbi tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn bóòtù rẹ̀ lè gùn jura lọ, ẹ gún wọn mọ́ páálí bí wọ́n ṣe tò. Ẹ wo inú asẹ́ pọ́ǹpù dáadáa kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó lẹ sọ́ǹpù mọ́ ẹ́ńjìnnì, ike ni kí ẹ fi ha alumíníọ̀mù, kó má baà ní ojú tí ọ́ìlì yóò máa gbà jò. Gọ́ọ̀mù tuntun kò gbọdọ̀ pọ̀ jù: èyí tó bá yọ sínú lè já kó sì dí asẹ́ yẹn kan náà. Láti àárín ni kí ẹ ti máa di àwọn bóòtù lọ sí ìkángun. Dídì bóòtù M6 (tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà mẹ́fà) kì í sábà ju Nm 10 lọ; Nm ni ìwọ̀n agbára tí sípánà fi ń dì í. Ìwé ọkọ̀ yín ló ni àṣẹ. Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gan bí ara ike rẹ̀ ṣe wí kí ẹ tó da ọ́ìlì sí i. Ẹ pààrọ̀ fílítà àti wáṣà nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ ti dá kọ́fà padà, ẹ fi sípánà yí kíráńkì, ọ̀pá ńlá tí písítìnnì ń yí, lọ́wọ́ yípo méjì, síbi tó máa ń yí sí. Ìgbà yẹn ni káḿṣáàfù yóò tó yípo kan. Bí ó bá há, ẹ dúró, ẹ má fi agbára mú un. Bí ó bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ so bátìrì, kí ẹ sítáàtì. Iná ọ́ìlì tó wà níwájú awakọ̀ yẹ kó kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá kú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kíá. Bí ó bá kú, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fi páálí mímọ́ sábẹ́ sọ́ǹpù, kí ẹ sì wò ó ní ọjọ́ kejì bóyá ọ́ìlì ń kán sórí rẹ̀.